Ohun tí Ọkọ̀ Rẹ Jẹ Lọ́dún Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún

Ọmọ wa pè mí láàárọ̀. Ó ní kí n jókòó, kí n kọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ rẹ ti jẹ láti ọjọ́ tí o ti rà á, kí n fi ojú ara mi rí i. Ìwé adójútòfò rẹ̀ yóò parí ní ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Ó ní kó tó dìgbà yẹn kí n ti tà á. "Bàbá mi, ẹ ò mọ ọkọ̀ wà. Ta lẹ wá ń tọ́jú ẹ̀ fún?"

Mo ní mo gbọ́.

Ta ni mo ń tọ́jú ẹ̀ fún! Ọmọ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19

Ó dáa. Mo bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lo fi gbẹ̀bí. O gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ, mo rò pé a ó fi tún òrùlé ṣe. Ńṣe lo wa ọkọ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà — àlòkù, dúdú, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ọkọ̀ asáré! Mo ní, "Kí lèyí?" O ní, "Àlè mi ni." Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ọkùnrin kì í ní orogún, ṣùgbọ́n èmi ní ọ̀kan, inú gáráàjì mi ló sì ń sùn. Láti ọjọ́ náà, Àlè ni à ń pè é.

Ohun tí Àlè jẹ. Owó adójútòfò: ìlọ́po mẹ́ta ti ọkọ̀ ọmọ wa, wọ́n ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ léwu. Epo: kì í mu èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mu, èyí tó wọ́n ló mọ̀. Táyà ẹ̀yìn méjì ní oṣù kejì tó dé: odindi owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù kan. Bíréèkì iwájú. Gíláàsì iná kan tí òkúta fọ́.

Oṣù Kẹsàn-án. O ní orí ń fọ́ ọ. O lọ dùbúlẹ̀.

Mo dá bírò dúró níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 20

Òjò. Mo tan Àlè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, ọmọ wa pàápàá ò mọ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la máa ń jáde lọ gba atẹ́gùn, ìwọ nídìí ọkọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Láti ìgbà tí o ti lọ, bó bá ti di aago mẹ́fà, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì sílẹ̀ gbayawu, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, màá na ọwọ́ síbi kọ́kọ́rọ́, màá tan ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Màá pa á, màá wọlé lọ.

Mo rò pé bó bá ń gbóná lójoojúmọ́, kò ní kú.

Ìjókòó tìrẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ó sún mọ́ ìdarí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí. Kúkúrú mi. Ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó síbẹ̀ láti ìgbà náà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 23

Àlè ò dáhùn. Kọ́-kọ́-kọ́, ó dákẹ́. Mo tún un dán wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe mẹkáníìkì rẹ. Ó ní ó di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25

O mọ̀ pé mẹkáníìkì yẹn ga bí òpó iná. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó rẹ — gbàà! — ó tì í sẹ́yìn pátápátá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbà. Mo lọgun. Ó rò pé ilẹ̀kùn há mi lọ́wọ́ ni. "Bàbá, kí ló ṣe yín?" Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó wo iwájú, ó fa ọ́ìlì jáde, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo ti ń fi ọkọ̀ yìí ṣe. Mo sọ fún un. Oṣù mẹ́jọ, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ó ń nu ọwọ́, ó ń nu ọwọ́.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

Mo ní orí ara mi ni.

"Háà. Ẹ̀ ń pa á ni o. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó o láti gbóná dénú. Omi ló ń kó jọ sínú sálẹ́ǹsà tí èéfín ń gbà jáde, epo ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, bátìrì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Táyà tó dúró sójú kan náà ti tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní ẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá, ì bá sàn."

Lójoojúmọ́ ni mo fi ìfẹ́ pa á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 26

Mo fẹ́ dá ìjókòó rẹ padà síbi tó wà. Mo fà á síwájú, mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un fà. Ó ti pọ̀ jù. Mo dá a padà díẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti gùn tó.

Ẹtì, ọjọ́ 29

Mẹkáníìkì mú iye rẹ̀ wá. Bátìrì, ọ́ìlì, sálẹ́ǹsà, táyà mẹ́rin: owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́rin. Ojú mi sọ fún un. Ó ní, "Màmá ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ mi méjèèjì. Màá wá táyà àlòkù, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n, Bàbá, bí ẹnikẹ́ni ò bá ní í wà á, á tún kú ni. Ẹ gbé e fún ẹni tó máa wà á."

Ọjọ́rú, ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò, orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀. Wọ́n kí ọ kú oríire. Wọ́n ní o lo ọdún kan gbáko láìní ìjàm̀bá kankan, wọ́n á dín owó kù fún ọ. Wọ́n ní awakọ̀ tó mọ ìṣọ́ra ni ọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò tètè dìde.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn nítorí lẹ́tà náà. Ọmọbìnrin kan tó lo awò ojú ló wà nídìí káńtà, ọmọ jẹ́jẹ́. "Ṣé Màmá fúnra wọn ò ní lè wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ti ọdún tuntun, sà?"

Mo ní o rìnrìn àjò.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Kò burú, sà. Ẹ mú fọ́ọ̀mù lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà."

Mo gba fọ́ọ̀mù. Mo dúpẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11

Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ajé. Mo mọ ìbuwọ́lù rẹ bí ẹni mowó. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe olùkọ́, tí mo ń na ọmọ tó bá jí ìwé ẹnìkejì rẹ̀ wò.

Mo kọ ọ́ gba àárín fọ́ọ̀mù náà kọjá: Ó ti kú, ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́. Kò gùn tó bí mo ṣe rò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13

Mo ní kí ọmọ wa wá ẹni tó máa rà á. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká ṣì dúró díẹ̀ ná." Mo ní, "Ṣebí ìwọ lo ní kí n tà á." Ó ní òun mọ̀. Ó wá bú sẹ́kún. Èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, èmi tí wọ́n ń ṣọ́ bí ẹyin.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 17

Oníbàárà kan wá. Obìnrin tó ń wọn ilẹ̀ ni, ẹrẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Mẹkáníìkì ti gbé Àlè dé, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Obìnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, kí ló máa ń jẹ lọ́dún?"

Mo gbé ìwé yìí jáde, mo ka ti owó fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún sọ ti ìṣẹ́jú márùn-ún mi fún un. Mẹkáníìkì ń ṣẹ́jú sí mi pé ẹni tó ń tajà kì í bú ọjà ẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ ò fẹ́ tà á ni?"

Mo ní mo fẹ́, mi ò sì fẹ́.

Ó wò mí. "Ó yá, ẹ wọlé ká jọ dán an wò."

Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ó wà á dé ọ̀nà gígùn tó gba ẹ̀bá ojú irin, kò sí ẹnì kan níwájú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àlè ké. Àwọn igi di ọ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ lọ gbá ilẹ̀kùn mú, ẹnu mi sì sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Rọra o!"

Ó rọra. Lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

Kúkúrú mi, o ò rọra fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ńṣe lo máa ń bú sẹ́rìn-ín, wàá tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Mo ní kó máa sáré lọ, kò sí wàhálà. A délé. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.