Bàbá Kòjókòó àti Fáàfù Méjìlélógójì

Ní ọdún 1941, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù atún-aago-ṣe kan, ni wọ́n bí bàbá tí a pé jọ nítorí wọn lónìí. Àwọn ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ méje. Atún-aago-ṣe ni bàbá wọn, ọmọ atún-aago-ṣe sì ni, ẹni tó lè jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì mira. Aránṣọ ni ìyá wọn, òun náà kì í dìde nídìí ẹ̀rọ. Ibi tí irú àwọn méjèèjì ti rí ọmọ tí ẹsẹ̀ ń yún bẹ́ẹ̀, ẹbí kò tíì rí i wádìí títí di òní. Ìyá wọn a máa sọ pé ọmọ náà kò kọ́ ìjókòó rárá, orí ìrákò ló ti bọ́ sí ìrìn. Ó sọ wọ́n ní Kòjókòó, orúkọ náà sì bá wọn dàgbà.

Wọ́n wọ ilé ìwé ní ọdún 1947. Olùkọ́ fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má bàa máa tẹ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Orí wọn pé dáadáa, ìdí wọn ni kò gba àga. Ní ọdún 1956 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe, níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáàfù, ìyẹn gílóòbù kékeré inú ẹ̀rọ àtijọ́ tó máa ń sọ ohùn tínrín di ńlá. Ọ̀gá wọn sọ pé ọjọ́ náà nìkan ni òun rí i kí Kòjókòó dúró lójú kan fún odidi wákàtí kan.

Ilé iṣẹ́ rédíò gbà wọ́n sí iṣẹ́ ní ọdún 1964. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìyá wa níyàwó, olùkọ́ ni ìyá wa, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn ni bàbá wá tún ṣe tí wọ́n fi pàdé. Wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n sì tún padà wá ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìyá wa bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló tún bàjẹ́?" Bàbá ní, "Kò tíì bàjẹ́. Ó lè bàjẹ́."

Nínú ìgbàgbọ́, ogójì ọdún gbáko ni bàbá fi ṣe ẹni tó ń fi ìjókòó han àwọn èèyàn nínú ìjọ. Àwọn kan rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wọn mọ̀ pé iṣẹ́ náà nìkan ni kò béèrè pé kí èèyàn jókòó. Ní àdúgbò, kò sí ilé arúgbó kan tí wọn kò tíì bá tún rédíò ṣe, pẹ̀lú èyí tí onílé kò pè wọ́n sí.

Ní ọdún 1974, ilé iṣẹ́ rédíò fẹ́ da ẹ̀rọ kan nù, pírí-áńpù oní-fáàfù méjì, èyí tó máa ń kọ́kọ́ gba ohùn láti inú téèpù kí ó tó gbé e fún ẹ̀rọ ńlá. Bàbá gbé e wálé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan wọ́n gbé máíkì sórí tábìlì, wọ́n ní kí ìyá wa kọrin sí i, wọ́n tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ téèpù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ni wọ́n bá gba ilé aládùúgbò lọ láti wo ohun tó ń ṣe fáànù rẹ̀. Téèpù náà wọ inú àpótí. Nígbà tí olóhùn fúnra rẹ̀ wà nínú ilé, ta ló ráyè ohùn inú téèpù?

Ìyá wa fi wá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Lẹ́yìn ìsìnkú ni bàbá gbé téèpù jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni orin fi dún geere, kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń rún ìwé, tó sì ń gbé ohùn ìyá wa mì. Bàbá pa ẹ̀rọ. Wọ́n ní fáàfù ti gbó, àwọn yóò wá èyí tó lálòpẹ́, tí yóò ju ẹ̀mí àwọn lọ, kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ ìyá wọn lẹ́yìn àwọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba orin náà sórí fóònù, bàbá ní, "Ohùn tí ariwo ti jẹ ni ẹ fẹ́ tọ́jú?"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ, wọ́n ń gba páálí láti òkèèrè. Wọ́n á gbé fáàfù sójú ìmọ́lẹ̀ wo fàdákà tó wà lórí rẹ̀: bó bá ti funfun, atẹ́gùn ti wọlé, ó ti kú. Wọ́n á fi ìdí pẹ́ńsù kàn án, bó bá dún gbin-in nínú ẹ̀rọ agbóhùnjáde, wọ́n á lé e dànù. Wọ́n sọ ọ̀kan ní Oníkọ́, òmíràn ní Ẹlẹ́kún, wọ́n sì kọ iye wákàtí tí ìkọ̀ọ̀kan lò sínú ìwé. Ọdún mẹ́jọ, fáàfù méjìlélógójì. Èyí tí wọ́n bá sì fi síbẹ̀, ariwo rẹ̀ á tètè dé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oúnjẹ kò wọlé sí wọn lára mọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn kò sì fi pa mọ́.

Ní ọdún 2019, ọmọbìnrin wọn kejì, tó ń tọ́jú eyín, bá wọn nídìí ẹ̀rọ náà. Ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ihò mẹ́sàn-án tí ẹsẹ̀ fáàfù ń wọ̀. Ó ní, "Bàbá, eyín ò lẹ́jọ́. Èrìgì ló rọ̀. Yíyọ tí ẹ̀ ń yọ ọ́, tí ẹ tún ń kì í bọ̀ ló fẹ ihò yìí lójú."

 Ní ọjọ́ kẹta bàbá pè é, wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo wá ń bà á jẹ́ látọjọ́ yìí?"  Ọmọ náà mú irin tínrín iṣẹ́ rẹ̀, ó fọ ihò náà, ó sì fún ojú wọn pọ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mú fáàfù méjì àkọ́kọ́ tó bá ẹ̀rọ wá, tí fàdákà orí wọn ṣì ń dán, wọ́n fi wọ́n síbẹ̀. Wọ́n jókòó.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ariwo kò dé. Ìyá wa kọ orin náà parí. Téèpù ṣì ń yí, kò sí ohun tó ń dún. Bàbá ti ń dìde kí wọ́n tó tún gbọ́ ohùn ìyá wa, jẹ́jẹ́, pé, "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Bàbá padà jókòó. Wọ́n ní, "Mo wà níbí." Wọ́n sì sunkún títí téèpù fi tán.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ náà ní ọ̀sán gbogbo, wọn kò sì yọ fáàfù kan mọ́ títí wọ́n fi papò dà lójú oorun ní oṣù tó kọjá, lórí àga. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì mọ ìjókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹbí yóò tan ẹ̀rọ náà nínú gbọ̀ngàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un láyè díẹ̀ kí ó gbóná. Nígbà tí ìyá wa bá béèrè ìbéèrè wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáhùn. Ẹni tí wọ́n ń bi ti lọ bá wọn.

Bàbá wa, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ sinmi re o.