Ẹ̀ẹ̀kan Là Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún Ìbéèrè Mẹ́wàá

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí ìròyìn tí mo mú wá kò ṣeé gbọ́ lóòró. Ọmọ yín ti di tíṣà! Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni o! Èmi tí ẹ fi sílẹ̀ láìlè kọ orúkọ ara mi, èmi ni mo di ṣọ́ọ̀kì mú lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, tí ènìyàn mẹ́tàlá jókòó níwájú mi.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Tọ́pẹ́, ọmọ-ọmọ mi tí kò bá yín láyé, ló fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ìyá tí ń mú ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ká ní ẹ rí ọmọ náà, Bàbá! Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ mú, iwájú orí yín gan-an ló gbé wáyé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, tíṣà wa, fẹ́ lọ bímọ, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó fún mi ní ọjọ́ kan péré láti gbìyànjú. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, àwọn ènìyàn mi gbọ́dọ̀ lè fi Gẹ̀ẹ́sì bi ara wọn léèrè ohun tó ti kọjá, kí wọ́n sì dáhùn. Bí wọ́n bá ṣe é, kíláàsì di tèmi. Bí wọn ò bá ṣe é, kálukú á gba ilé lọ títí òun yóò fi gbé ọmọ rẹ̀ dé. Ta nínú wọn ni yóò tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn?

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìbéèrè sójú pátákó. Ibo lẹ gbé rí? Iṣẹ́ wo lẹ ṣe? Kí lẹ jẹ lánàá? Mo wá pe Sàídì, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń wa tírélà ní Creek Road, pé kó wá fi mí bẹ̀rẹ̀. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó fọwọ́ họ orí.

"Mama, I no fit o. Ṣé kí n máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá ni?"

"Ẹ wò ó!" Ìyá ẹlẹ́ja kan pariwo látẹ̀yìn. "Ẹni tí ẹ̀rù kọntéńà ò bà, Màmá arúgbó ló ń bà á lẹ́rù!"

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Sàídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó béèrè ọ̀kan, mo dáhùn. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó tún béèrè ọ̀kan. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, eruku ti bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti ń wo aago, àwọn méjìlá yòókù kò sì tíì la ẹnu. Mo rí i pé kíláàsì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀wọ̀ lásán ló sì fẹ́ gbà á.

Òwe ló gbà mí sílẹ̀, Bàbá, òwe yín. Mo ní, "Sàídì, bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àbí o ń wẹ ọwọ́ tuntun fún òkèlè kọ̀ọ̀kan ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

"Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ kí mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbà á fún gbogbo ìbéèrè títí ilẹ̀ fi máa ṣú."

Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n dìde pọ̀. Háà! Ìbéèrè wá ń tú jáde bí ìrẹsì látinú àpò tó ya. Wọ́n bi mí, wọ́n bi ara wọn, ìyá ẹlẹ́ja bi Àǹtí Bọ́sẹ̀ gan-an ibi tó ti pàdé ọkọ rẹ̀. Aago márùn-ún kò tíì lù rárá.

Àfi ìgbà tí Sàídì, tójú rẹ̀ ti là wàyí, kúrò lórí ohun tó wà lójú pátákó. "Mama, did your father go to school?"

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ìbéèrè náà gbà kò ju ìyẹn lọ.

Mo rántí yín. Bí ẹ bá ti ibi ẹrù jíjá ní èbúté Kirikírì dé, ẹ ó ṣan ẹsẹ̀, ẹ ó fi òṣùká kọ́ ìṣó, ẹ ó wá tẹ́ àpò òfìfo tí ẹ mú bọ̀ sórí ẹsẹ̀. Ẹ ó máa fi ìka tọ lẹ́tà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè yín á máa mì. Ṣé ẹ ń kà á ni, àbí ẹ kàn ń wò ó? Mo fẹ́ béèrè nígbà náà, àmọ́ Ìyá mi ní ọmọ kì í bi bàbá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ àná. Mo pa ẹnu mọ́ títí ẹ fi lọ. Ọdún mélòó ni mo fi bínú pé ẹ ò rán mi nílé ìwé! Bí ẹ̀yin náà ò bá lọ ńkọ́?

Mo dá Sàídì lóhùn pé, "I don't know. I did not ask him."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìdáhùn tó pé nìyẹn.

Lójú rẹ̀, ó pé. Mo délé, mo ní kí Tọ́pẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó bi mí ní ohunkóhun. Ọmọ náà kò ṣàánú mi! Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó ń tì mí lójú. Kò ní dúró níwájú ènìyàn lọ́jọ́ kan kó ní òun ò béèrè.

Ó ku èmi àtẹ̀yin. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bó tilẹ̀ pẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà báyìí, ìwé yìí wà lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún mi sì ń ké. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá: did you go to school? What did you read on the bags?

N ò tíì dìde o.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tíṣà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.