Ọ̀rọ̀ Kan Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹ̀mí Ọmọ

                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Ńlá.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé ara yín yá? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lójú oorun? Ara tèmi le, ọkàn mi nìkan ni kò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn níbí: Lárúbáwá ni mò ń gbọ́ lẹ́nu aláìsàn, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ fún dókítà. Òfin wa kò pọ̀: ohun tí wọ́n bá sọ ni ká sọ, ká má bù ú kù, ká má sì fi iyọ̀ tiwa sí i.

Lọ́jọ́ náà, aboyún olóṣù mẹ́jọ kan wọlé. Dókítà bi í bóyá ọmọ ń mira nínú. Ó ní, "Yurafrif." Èmi náà ní, "Flutter." Ṣebí ohun tó wà nínú ìwé atúmọ̀ nìyẹn? Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Létí tiẹ̀, labalábá tó ń fò fẹ́rẹ́ lórí òdòdó ni. Ó ní kí obìnrin náà máa lọ sílé, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ti dìde, mo ti gbé àpò kọ́ èjìká, ni mo rí ọwọ́ obìnrin náà. Ó gbé e lé ikùn, ó ń gbọn ìka pẹ̀pẹ̀, ó sì dá a dúró lójijì. Ìgbà náà ló tó yé mi. Ìyẹ́ ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn ń sọ. Ẹyẹ tó ń fò ń gbọn ìyẹ́. Ẹyẹ tó há sí pańpẹ́ náà ń gbọn ìyẹ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un bi léèrè."

Ó wo aago. "Ṣé kò yé ọ ni?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo fún yín ni mi ò fọkàn tán mọ́."

Obìnrin náà ní, "Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ta mí nípàá bí ọmọ ewúrẹ́. Láti àná, á kàn gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, á sì dákẹ́. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún."

Mo gbé e fún dókítà bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ikùn. Ìró ọkàn ọmọ ń wọ́lẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Kíá, wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú: "Kí ni wọ́n ń sọ?" Mo ń sáré, mo ń túmọ̀, títí wọ́n fi pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi lójú.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Nígbà tó pẹ́, nọ́ọ̀sì yọjú. Mo fò dìde.

"Obìnrin ni," ló wí. "Ìwọ́ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ti ké."

Ẹkún tí mo sun, àwọn tó ń kọjá rò pé èèyàn mi ló kú.

Dókítà yìn mí lójú gbogbo ènìyàn, ó ní mo gbọ́n. Mi ò lè gbójú sókè. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè jẹ́wọ́ fún: ebi ló ń pa mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ni mò ń rò tí mo fi mú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o, wọ́n á ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èsì,
Ẹlẹ́nu Méjì.