Sùtánà Kọ́ Ni Mo Wí

Màmá mi,

N ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọn ò jẹ́ kí n ṣe sùtánáǹsì, nítorí a ò tíì san owó ilé-ìwé tán. Estelle tí a jọ ń gbé yàrá mọ̀. Fiacre, awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Onigbolo wá sí Cotonou níbí, mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi ni ẹ ò mọ̀.

Mo sọ ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìpè ń já. Mo ní, "Sùtánáǹsì ló kù." Ẹ ní, "Sùtánà? Ìyẹn náà lò ń sunkún sí?" Ni ẹ bá ta ewúrẹ́ yín, ẹ fi sùtánà, aṣọ àdúrà funfun, ránṣẹ́ sí mi. Ojú tì mí láti sọ pé ọjọ́ tí èèyàn ń dúró gbèjà iṣẹ́ tó kọ, kó tó gba ìwé-ẹ̀rí, ni mo wí. Mo wọ̀ ọ́, mo rẹ́rìn-ín, Estelle ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ó bá mi mu gan-an. Ẹ má ṣàníyàn, ara mi le, gààrí kì í tán nílé.

Àṣé ẹ ti fi fọ́tò náà han gbogbo ìjọ ní Sakété, ẹ sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi fún ọmọ yín tó kàwé jáde! Èmi tí mo kọ́ bí a ṣe ń ṣètò iléeṣẹ́, n ò lè ṣètò gbólóhùn kan.

Ẹ bá mi kí Aurore àbúrò mi. Ẹ lọ sọ fún Olùṣọ́ ìjọ kó yọ orúkọ mi kúrò nínú ètò ìdúpẹ́ náà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Tí ẹnu yín ò bá gbà á, ẹ pè mí lórí fóònù níwájú rẹ̀, kí èmi fúnra mi sọ ọ́.

Huguette