Ìdọ̀bálẹ̀ Jẹ́jẹ́ Alhaji Jàfárù Ọláfimíhàn

Ọdún 1948 ni a bí Alhaji Jàfárù Àkànní Ọláfimíhàn ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, sínú ìdílé Bàbá Ṣàfíù àgbẹ̀ àti Ìyá Mọ̀dínátù aláró. Wọ́n kéwú, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó lè mú wọn jókòó sójú kan. Ìyá wọn a máa ní ọmọ náà ń kánjú bí ẹni tó gbé iná sí àtẹ́lẹwọ́.

Ní 1969, wọ́n wá sí Èkó, wọ́n gba yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Wọ́n ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ tánganran ní Ìkẹjà. Owó epo ti ń wọ ìlú, gbogbo ẹni tó ń gbéyàwó ló fẹ́ abọ́ tuntun. "Kíákíá" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ wọ́n. Ní 1974, níbi tí wọ́n ti ń sáré gbé abọ́ kọjá lórí ilẹ̀ tó tutù, wọ́n yọ̀ ṣubú, ìbàdí wọn sì yẹ̀. Wọ́n rìn lẹ́yìn náà o, àmọ́ wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun.

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ tọrọ Sìdíkátù, àfẹ́sọ́nà wọn, ní Ìsẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkọ ìyàwó nìkan ló tẹrí ba lórí ìdúró. Ojú tì wọ́n láti sọ òótọ́: ta ni yóò fa ọmọ lé ọkọ tí ìbàdí rẹ̀ kò le? Àwọn àna rò pé owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìlú ń yọ̀ sí lọ́dún náà, ló ń gùn wọ́n. Àlùfáà Gàníyù, bàbá ìyàwó, ní bí Iléyá bá kọjá láìsí ìdọ̀bálẹ̀, òun yóò fọmọ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, àgbàlagbà ará Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Líń, ló kíyè sí ìbànújẹ́ wọn. Ó kọ́ wọn ní táí-ṣí, eré ìdárayá ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó dá Líń lójú ni "jẹ́jẹ́", ó sì tó o láti fi kọ́ni. Kí èjìká rọ̀, kí ẹ̀yìn nà, kí èémí ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, kí ara rọra kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí ìkejì, bí ìgbà tí a ń da omi láti inú abọ́ kan sí òmíràn. Fún Kíákíá, ìyà ni. Bí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, wọn a lọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, wọn a máa ti afẹ́fẹ́ lọ, wọn a máa fà á bọ̀. Cecilia, tíṣà ará Èkìtì tó gbé yàrá kejì, béèrè bóyá ẹ̀fọn ni wọ́n ń lé, nítorí ẹ̀fọn náà á ti sùn kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìbàdí ń gbà díẹ̀díẹ̀.

Kí Iléyá tó dé, wọ́n padà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀, wọ́n sì ń lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ débi pé àwọn ìyàwó ilé tó ń rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ tòsí. Òógùn bo ọkọ ìyàwó. Ìgbà tí àyà wọn kan ilẹ̀ ni Àlùfáà rí i pé ìrora ni, kì í ṣe ìgbéraga. Ó dìde lórí àga, ó di apá wọn mú.

"Jàfárù, kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Ẹ kì bá tí fún mi lọ́mọ."

Wọ́n so yìgì ní 1976.

Alhaji Jàfárù ṣe Hájì, wọ́n sin mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ onílé tọkàntọkàn. Àwọn àgbà Ẹ̀gbẹ́dá tí rúkúù, ìtẹ̀ba inú ìrun, ń ni lára, abẹ́ máńgòrò náà ni wọ́n ti kọ́ wọn ní táí-ṣí. A fẹ́ràn wọn púpọ̀.

Wọ́n fi Alhaja Sìdíkátù sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Ìdíátù, Sùrájù àti Fọlákẹ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí kò sí ẹni tó lè mú wọn jókòó sójú kan. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n jáde láyé, wọ́n jókòó létí ibùsùn, ọwọ́ wọn ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Alhaja fi àyà ti ẹ̀yìn wọn títí ọwọ́ náà fi dúró.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ẹ sùn re o, Kíákíá ọkọ Sìdíkátù. Ẹ máa lọ jẹ́jẹ́, Bàbá. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í yọ̀.