Ìgbésí Ayé Màmá Althea Trask, Ẹni Tó Ń Fi Apá Wọn Yìnyín

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1941, ni a bí Màmá wa, Althea Hester Trask, sí ilé onípákó kan létí odò Kennebec, ní ìpínlẹ̀ Maine. Bàbá wọn ni olóògbé Orrin Rideout, tí wọ́n máa ń to ahéré ẹja sórí odò tó ti di yìnyín nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń fi wọ́n háyà fún àwọn tó bá fẹ́ wá dẹ ìwọ̀. Ìyá wọn ni olóògbé Hester, ọmọ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Màmá fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀sẹ̀ tí ẹja kékeré kan tí a ń pè ní smelt ń rọ́ wá lábẹ́ yìnyín ni wọ́n bí àwọn, àti pé bàbá àwọn ò wálé wá wo ọmọ títí omi òkun tó ń wọ inú odò fi fà. A ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Bàbá Àgbà Orrin ò ní jiyàn.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kékeré abúlé wa, wọ́n sì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1959. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ wọ́n lára jù kò wá láti inú ìwé. Ní kékeré, ojú wọn ló ṣe nígbà tí ẹṣin bàbá wọn, tó ń fa ahéré lọ sí àárín odò, já wọnú omi tí kò sì jáde mọ́. Bàbá Àgbà ti ní yìnyín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn, “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.” Tí a bá sọ ọ́ nípa ẹ̀kọ́ ilé ìwé wa pàápàá, a máa gba ìfọ́tí.

Ní ọdún 1962, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, olóògbé Clyde Trask. Iṣẹ́ Bàbá ni wíwa ekòló pupa inú ẹrẹ̀ etíkun, èyí tó ń gé ènìyàn jẹ, tí smelt kì í sì í kọ̀. Wọ́n ń tà á fún Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ò fẹ́ kí ọmọ àwọn fẹ́ ẹni tí ẹrẹ̀ ń gbẹ sí lẹ́nu bàtà.

“Clyde, ọmọ mi ni o fẹ́ fẹ́ àbí ahéré mi?” ni wọ́n bi í.

“Ọmọ yín ni, sà. Ahéré yín ń jò.”

Màmá ní àwọn rẹ́rìn-ín títí tí àwọn fi jókòó sílẹ̀. Bàbá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ni ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Bàbá lẹ òrùlé ahéré náà kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ tí Màmá ṣe dọ́jọ́ alẹ́ ni ahéré wọ̀nyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níbí lónìí ló ti jókòó síbẹ̀, tí iná ààrò onígi ń ta yín lẹ́yìn, tí ihò gbọọrọ inú yìnyín wà níwájú yín, tí okùn ìwọ̀ sì tò sí ara igi lókè orí. Ẹ sì ti gbọ́ ìkìlọ̀ wọn. Wọ́n ní kí ẹ gé ekòló náà kéékèèké, kó má ju èékánná ìka ọmọdé lọ, torí pé bó bá tóbi, smelt á jẹ etí rẹ̀ lọ, á sì fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ so okùn kan sún mọ́ ìsàlẹ̀ odò, ẹ so òmíràn sí àárín, ẹ so ìkẹta sábẹ́ yìnyín gan-an. Èyí tí ẹja bá kọ́kọ́ gbé, kí ẹ gbé gbogbo ìyókù wá sí ìwọ̀n rẹ̀. Bí ekòló bá tán, ẹ rẹ́ awọ funfun ikùn smelt tí ẹ ti mú, ẹ fi ṣe ìjẹ, kò sóhun tí yóò ṣe. Ẹ má sì retí kí okùn fà yín lọ́wọ́. Smelt kì í fa okùn. Okùn á kàn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀.

Àwọn oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń mú ọtí púpọ̀ dání ju ìjẹ lọ. Màmá á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, okùn mẹ́ta ti tẹ̀ o. Àbí ẹja náà ni ẹ fẹ́ fún lọ́tí?”

Ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, wọ́n sì fi tọkàntọkàn sin Ọlọ́run níbẹ̀, àyàfi tí omi òkun bá kún wọ odò, tí ẹja sì ń bá a wọlé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nígbà òtútù. Pásítọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bóyá Ọlọ́run ò ní bínú. Màmá ní, “Òun kọ́ ló ń da omi náà wọlé ni, Pásítọ̀? Ẹ bi í ìdí tó fi jẹ́ àkókò ìwàásù yín.” Síbẹ̀, korobá ẹja àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, ilé àlùfáà ló ń lọ.

Ní ti iṣẹ́ ìlú, oyè kankan ò sí lórí wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé ẹsẹ̀ sórí odò yìí kí Màmá tó dán an wò. Wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ ihò ní àárín odò, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú omi tútù náà, wọ́n á ká ìka sí abẹ́ yìnyín. Bí ẹnu ihò ò bá dé àárín apá wọn, ahéré ò ní kúrò nílẹ̀. Ní ilé ìtajà, ohun tí àwọn ará ìlú ń bi ara wọn ni, “Ṣé Althea ti ki apá bọ̀ ọ́?” Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é, odò yìí ò mú ẹnikẹ́ni lọ lára wa. A dúpẹ́ gidigidi.

Ìgbà òtútù méjì tó kọjá ò dára. Yìnyín ò di, ahéré wà nílẹ̀, àìsàn ọkàn sì ń dín agbára Màmá kù. Dókítà sọ fún wa pé wọn ò ní rí òtútù mìíràn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò bẹ̀rù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí àwọn tún jókòó sínú ahéré lẹ́ẹ̀kan sí i, kí okùn tẹ̀ níwájú àwọn.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, Rodney, àkọ́bí wọn, gbé irin, ó jáde. Nígbà tó padà wọlé, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ó ti tó, Mọ́mì. Ẹ múra.”

“Níbo lo gbẹ́ ihò sí?”

Rodney wojú ààrò. “Níwájú ibi tí a ń so ọkọ̀ mọ́.”

“Yìnyín etí bèbè nìyẹn. Omi ló ń kó o jọ lé ara rẹ̀. Ó máa ń nípọn. Àárín ńkọ́?”

Ó gbé irin náà ti ara ògiri.

“Rodney.”

“Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, Mọ́mì. A ó fi àga gbé yín lọ, ẹ ó mú ẹja kan péré, a ó sì tètè kúrò.”

“Ohun tí bàbá mi sọ fún ẹṣin nìyẹn,” ni Màmá wí. “Kí n wá pa ẹ̀yin ọmọ mi torí ẹja kan? Lọ gbé irin náà pamọ́. Nadine, ọmọ mi, bá mi po tíì.”

Wọ́n sunkún díẹ̀ sínú tíì náà. A rí i, a sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Rodney wá jókòó ti àwọn, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí oorun fi gbé wọn lọ. Ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlè ni wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́, ní ilé ara wọn, láìjẹ̀rora.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Rodney àti ìyàwó rẹ̀; ọmọbìnrin wọn Nadine àti ọkọ rẹ̀; ọmọkùnrin wọn Leland; ọmọ-ọmọ mẹ́fà; àti ọmọ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà bí, tí Màmá ti kọ́ bí a ṣe ń di ekòló mú kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ilẹ̀ itẹ́ òkú ti dì gan-an báyìí. Nígbà tí òtútù bá lọ, tí ilẹ̀ sì rọ̀, ni a ó sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa.

Ọ̀sẹ̀ tí Màmá kú gan-an ni òtútù gidi dé. Lánàá, a gbé ahéré kan jáde. Ẹja tí ẹ ó bá lórí tábìlì lẹ́yìn ìsìn, tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo dín, abẹ́ yìnyín yẹn la ti mú un. Ẹ jẹ ẹ́ torí-tìrù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Mọ́mì, àárín odò ni Rodney gbẹ́ ihò náà sí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹnu ihò sì kọjá àárín apá rẹ̀. Kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ máa sùn. Gbogbo wa ti padà wọlé.