Ohun Tí Mo Pa Mọ́ Nínú Àwòrán Ilé Ìwòsàn Etí Ọ̀sà

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Agric, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Dùnsìn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni nǹkan ní Ìlọrin? Ṣé ara le? Ṣé Nathaniel, ọkọ rẹ, ti ń tètè kúrò níbi iṣẹ́ báyìí, àbí wọ́n ṣì ń dá a dúró? Tẹ́milọ́rùn ńkọ́? Mo gbọ́ pé eyín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Ẹ kú ìtọ́jú o. Màmá mi ní kí n kí yín gan-an. Ara wọn ti yá, orúnkún nìkan ló kù tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti ń rìn dé ẹ̀bá títì lọ ra ẹ̀fọ́ fúnra wọn. Ooru ìlú yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ti iná mànàmáná, ìwọ náà mọ̀ bó ṣe ń ṣe.

O bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí mo fi kìlọ̀ fún ọ pé kí o má kàn máa pa nǹkan mọ́ nínú àwòrán nítorí kí ìwé lè mọ́ lójú. Fóònù já kí n tó dáhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀ náà, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn.

Ìjọ kan níbí ló gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóṣé, pé kó ya àwòrán ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún abúlé àwọn apẹja kan létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Àwọn ará Ìlàjẹ láti etí òkun Òndó ló tẹ ibẹ̀ dó. Àwọn ọkùnrin ń pẹja, àwọn obìnrin ń yan án. Bí ara ẹnìkan kò bá yá, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọn yóò gbé e sí títí dé Ẹ̀pẹ́. Yísà, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wa, ti lọ wọn gbogbo ibẹ̀. Ó mú gbogbo ohun tó rí wá, ilé, igi àgbọn, kànga, ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Ìwọ náà ti ń rí i lẹ́nu iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí pé ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń kó nǹkan sí, tí àwòrán gílóòbù kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà. Bí o bá pa gílóòbù ilé, ilé á pòórá lójú rẹ, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí o pa mọ́ nínú ìwé ti oníná lè hàn gbangba nínú ìwé ti àwọn tó ń ṣe ìpìlẹ̀. Láìsí èyí, iṣẹ́ wa kò ní ṣeé wò, gbogbo ìlà ló máa lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n tó dì. Nítorí ìpàdé tí a fẹ́ bá àwọn ará abúlé ṣe, ọ̀gá mi ní òun fẹ́ ìwé tó mọ́, kí ó jẹ́ omi, iyanrìn àti ilé tuntun nìkan ni yóò hàn. Mo pa gbogbo ìyókù. Kódà, nígbà tí mo ń wá ibi tí ilé náà yóò jókòó sí, mo ti pa wọ́n, torí wọ́n ń dí mi lójú. A tẹ ìwé náà jáde ní fífẹ̀, ó sì wu gbogbo wa.

Ọjọ́ Sátidé kan la wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́, Yísà náà bá wa lọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn la ti ṣe ìpàdé. Ọ̀gá mi tẹ́ ìwé sórí tábìlì, wọ́n sì rọ̀gbà yí i ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Ìlàjẹ láàárín ara wọn, ìdajì ni mo ń gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú wọn kò dáa. Baálẹ̀ wọn gbé orí sókè.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ibo ni àwa wà nínú ìwé yìí?"

Ọ̀gá mi ṣàlàyé pé ilé ìwòsàn nìkan la fẹ́ fi hàn. Ọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé níbi tí ẹ̀gbọ́n òun ń gbé tẹ́lẹ̀, irú ìwé báyìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, etí omi tí kò ní ilé kankan, kí wọ́n tó wá wó ilé àwọn ará ibẹ̀. Àwọn kan dìde dúró. Ẹnìkan jáde lọ sọ fún awakọ̀ wa pé kó má tíì gbé wa lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wá. Bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọn kò ṣe gbà á gbọ́ tó.

Mo bá tọrọ àyè, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì, mo sì bẹ Baálẹ̀ kí wọ́n sún mọ́ mi. Mo tan ìpele àwọn ilé.

Mo ní, "Bàbá, ilé yín rèé. A kò yọ ọ́. Èmi ni mo pa á mọ́."

Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n fi ìka tọ ilé wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan, ara sì ń tù wọ́n. Mo tan àwọn igi, mo tan kànga àti ààrò ẹja. Ìpele kan ló kù, níbi tí Yísà kó ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ sí. Nígbà tí mo tan án, àmì róbótó kan yọ ní igun yàrá tí àwọn aláìsàn yóò ti máa jókòó dúró. "Òkìtì" ni Yísà kọ sí i.

Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Caroline, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wá fi ìka lé àmì náà.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Ìtẹ́olúwa ni orúkọ ọmọ náà. Ibà ló kọlù ú, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọn kò sì tíì dé Ẹ̀pẹ́ tó fi dákẹ́. Orí iyanrìn tí omi kì í dé, bó ti wù kí ó kún tó, ni wọ́n sin ín sí. Nítorí pé omi kì í dé ibẹ̀ náà ni àwa ṣe yàn án fún ilé ìwòsàn. Yísà ní kò sẹ́ni tí òun rí bi lọ́jọ́ tí òun lọ, òun rò pé iyanrìn tí wọ́n kó jọ lásán ni. Kò lè wo ojú ìyá náà.

Alàgbà kan tó bá wa wá láti ìjọ ní wọ́n lè fi àdúrà gbé òkú ọmọ náà lọ síbòmíràn. Màmá Caroline ló dá a lóhùn.

"Mo fẹ́ ilé ìwòsàn yìí ju gbogbo yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọ lé e lórí."

Ọ̀gá mi bi mí bóyá ilé náà ṣeé yí. Ojú gbogbo wọn ni mo ti yí i. Mo kọ́kọ́ kọjú rẹ̀ sí omi, àmọ́ ìyẹn sún ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá kànga. Mo tún sún un sẹ́yìn. Obìnrin kan ní kí ilẹ̀kùn má kọjú sí ààrò, kí èéfín má bàa máa wọlé bá aláìsàn, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá jókòó dáadáa, mo pa "òkìtì" rẹ́, mo sì kọ "Ibojì Ìtẹ́olúwa" síbẹ̀. Màmá Caroline ní kí n kà á sókè. Mo kà á.

Inú ìgbìmọ̀ ìjọ kò dùn, torí gbogbo àwòrán ìpìlẹ̀ ni a ní láti tún yà, òjò sì ti ń bọ̀. Ọ̀gá mi sọ fún wọn pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Láti ìgbà náà, a kì í gbé ilé jókòó síbikíbi mọ́ láìtan gbogbo ìpele. Ìwé tí a kọ́kọ́ ń gbé lọ sórí ilẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́, kì í dùn ún wò, àmọ́ àwọn tó ni ibẹ̀ máa ń rí ara wọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá pa ohun tó yẹ mọ́ nínú ìwé oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibojì yẹn ní tirẹ̀, mo fún un ní ìpele ọ̀tọ̀, mo sì tì í pa kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án, kó lè hàn nínú gbogbo ìwé, títí dórí ti oníná.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó mọ́lẹ̀. Èmi àti Yísà lọ wò ó. Olórí àwọn káfíńtà bi mí pé ta ni Ìtẹ́olúwa, ṣé orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ilé náà ni. Mo sọ fún un. Ó ṣí fìlà, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó pákó tí wọ́n ti tò síbẹ̀ lọ sí apá kejì. Màmá Caroline wà nídìí ààrò wọn ní gbogbo àsìkò yẹn. Nígbà tí àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í lu òpó àkọ́kọ́, Màmá dìde, wọ́n sì dúró wò ó títí ó fi rinlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n padà jókòó sídìí ààrò, wọ́n sì ń yí ẹja wọn lọ.

Bá mi kí Nathaniel, kí o sì bá mi gbé Tẹ́milọ́rùn mọ́ra. Kí màmá rẹ náà fún mi bí o bá pè wọ́n. Bí ẹ bá rí àyè wá nígbà ìsinmi, yàrá wà nílẹ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí kì í gbàgbé rẹ,
Morádéyọ̀ Sànní.